Ibi Tí Àlùbọ́sà Karùn-ún Gbà Lọ

Márùn-ún ni àlùbọ́sà tó máa ń wà nínú òkìtì kan lórí àtẹ obìnrin tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Agbalata, ní Àgbádárìgì. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 2025, mẹ́rin ni mo bá. Owó rẹ̀ kò yí padà. Mo ní, "Ìyá wa, ìkarùn-ún dà?" Ó ní, "Oníbàárà mi, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Àwọn Niger ti kúrò nínú ECOWAS."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Òótọ́ ni ó sọ, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Àlùbọ́sà ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà tí ìkórè ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a máa pọ̀ lọ́jà débi pé ọlọ́jà á máa bẹ ènìyàn kó rà á. Bí òjò bá wá dé, tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ń jẹrà, owó rẹ̀ á gòkè, ECOWAS ì báà wà, ì báà má sí. Owó epo dísẹ́lì ń bẹ níbẹ̀, náírà tó ti fúyẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, apá kan lára àlùbọ́sà karùn-ún yẹn jẹ́ èyí tí ìjáde orílẹ̀-èdè kan kúrò nínú ẹgbẹ́ gbé lọ ní ti gidi. Bó ṣe gbé e lọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé àwa tí a ń ra nǹkan ní òkìtì àti ní kóńgò là ń san án, kò sì sẹ́ni tó ń fún wa ní rìsíìtì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu bodè. Láyé àtijọ́, àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ní bodè, bodè sì ní oníbodè. Ẹni tó bá ru ẹrù dé á ka owó ẹyọ sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn á san níhìn-ín, á san lọ́hùn-ún, nígbà tó bá fi máa sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́jà, gbogbo owó tó ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà ti wọ inú iye tí yóò pe ọjà rẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bá da ẹgbẹ́ ìṣòwò sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ni pé oníbodè àárín wa kò gbọdọ̀ gba owó mọ́ lórí ọjà tó bá jẹ́ tiwa. Ẹ fi "tó bá jẹ́ tiwa" yẹn sọ́kàn, a ó tún padà sórí rẹ̀.

Èkó níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní ọdún 1979, wọ́n fi kún un pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ètò ọjà láìsan owó bodè bẹ̀rẹ̀ lórí ohun oko àti iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé orí ọjà ilé-iṣẹ́ ní ọdún 1990. Ohun tí a kó láti oko, tí a dà láti agbo ẹran, tí ẹ̀rọ kò tíì sọ di nǹkan mìíràn, kò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá. Àlùbọ́sà Galmi láti Niger wà nínú èyí. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, ọ̀fíọ̀ wà níbẹ̀, àgbò Iléyá náà wà níbẹ̀. Èyí tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ló gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀nà kan tó fi lè rí i gbà ni pé kí 30 nínú 100 iye rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ iṣẹ́ tí a ṣe sí i lára ní ilẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ibí ni àwa ará Àgbádárìgì ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. A máa ń pe ìrẹsì kan ní ìrẹsì Kútọnu, bí ẹni pé ará Bẹ̀nẹ̀ ló gbìn ín. Ilẹ̀ Éṣíà ni ìrẹsì yẹn ti wá. Ọkọ̀ ojú omi já a sí èbúté Kútọnu, wọ́n san owó bodè tó kéré níbẹ̀, ó wá gba ẹnu bodè Kraké tàbí ọ̀sà wọlé sọ́dọ̀ wa, nígbà tí ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ gba èbúté Àpápá ní ọdún 2019 gbọ́dọ̀ san 70 nínú 100 iye rẹ̀ fún ìjọba Nàìjíríà. Àlàfo àárín owó bodè méjèèjì ni fàyàwọ́ ń jẹ. Kò sígbà kan rí tí òfin ECOWAS ní kí ìrẹsì yẹn kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí kì í ṣe tiwa. Ti tọ́kì tútù inú yìnyín àti mọ́tò tòkúnbọ̀ kò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a rò pé ẹgbẹ́ fún wa, ọwọ́ fàyàwọ́ la ti rí i gbà.

Mo mọ ìyàtọ̀ yìí nínú ìwé, ọdún 2019 ló wá fi hàn mí nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari tiwa àti Ààrẹ Talon ti Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣí ilé bodè àjùmọ̀lò Sẹ̀mẹ̀-Kraké, ilé tí wọ́n kọ́ kí aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀. Nàìjíríà kò kúrò nínú ECOWAS o. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́rìndínlógún, àwa tí a ń gbé láàárín Ajara àti Sẹ̀mẹ̀ ń jẹ, a ń mu bí ará ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ kankan.

Ìrẹsì àti tọ́kì tí wọ́n torí rẹ̀ ti bodè ṣì ń wọlé lóru. Ó gba ọ̀sà, ó gba inú igbó, ó sì gbówó lórí torí pé ewu rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Èyí tí kò rọ́nà kọjá mọ́ ni ohun tí òfin gbà láyè: gàrí tó ń ti ìhà Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ bọ̀, tòmátò, ata, ẹja, aṣọ tí àwọn obìnrin Ògù ń rà níhìn-ín lọ tà lọ́hùn-ún. Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, ní ará ní ìhà méjèèjì. Ìyàwó ń bẹ níbí, àna ń bẹ ní Kraké. Ẹni tó ń ru agbọ̀n kan lórí kò ní owó tí fàyàwọ́ fi ń wá ọ̀nà, nítorí náà òun ni ìlẹ̀kùn tì mọ́. Èyí ṣì ń dùn mí títí di òní, torí àwọn gan-an ni wọ́n torí wọn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Epo bẹntiróòlù náà dé bá wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àṣẹ jáde pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè, kí àwọn oníkpayo, ìyẹn àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo lọ tà ní Bẹ̀nẹ̀, má baà rí i kó. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní etí òkun yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ ra epo lọ́nà jíjìn, tàbí kó rà á nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ní iye tí olówó kẹ́ẹ̀gì bá pè. Owó ọkọ̀ gòkè, owó ọlọ́kadà gòkè, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ lọ ata fowó lé e. Nígbà tí wọ́n ṣí bodè Sẹ̀mẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020, pẹ̀lú Illela, Maigatari àti Mfum, àṣẹ epo yẹn kò bá a ṣí lọ́jọ́ náà.

Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè sọ pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, owó oúnjẹ fi 13.17 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó ti di 18.30. Àrùn Kòrónà wà nínú ìyẹn, n kò ní gbé gbogbo rẹ̀ ka bodè lórí. Ṣùgbọ́n oṣù méje kí Kòrónà tó sé wa mọ́lé ni ọbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní Àgbádárìgì.

Ohun kan wà tí ìṣirò kì í kà. Ní oṣù keje ọdún 2019, mo ra ẹ̀rọ ìlọta kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọnu, wọ́n sì kọ gárántì ọdún kan sí rìsíìtì rẹ̀. Oṣù kẹwàá ló dákú. Mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù bá mi sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ó ní kí n gbé e wá, àwọn á pààrọ̀ rẹ̀. Ibo ni mo fẹ́ gbé e gbà? Nígbà tí bodè ṣí, ó ti tó oṣù márùn-ún tí gárántì náà ti tán. Ẹni tó tà á fún mi kò rẹ́ mi jẹ. Ọ̀nà tó so èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n gé. Mo ti wá mọ̀ pé gárántì, ọjà àwìn, ọjà tí a lè dá padà, gbogbo wọn dúró lórí ìgbàgbọ́ pé ọ̀la bodè yóò rí bí òní rẹ̀. Bí ìgbàgbọ́ yẹn bá kú, ẹni tó rà á ló ń sin òkú rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yẹn náà ló ṣàlàyé àlùbọ́sà. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àwọn olórí ECOWAS pàṣẹ pé kí wọ́n ti bodè mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024, Niger, Màlì àti Burkina Faso kéde pé àwọn ti jáde. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ECOWAS tú ìdè tí wọ́n fi de Niger, Ààrẹ Tinubu sì ní kí wọ́n ṣí bodè wa ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́jọ tí ọ̀nà Illela, tó já sí Niger, fi wà ní títì. Ìjáde náà wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ECOWAS kéde pé kí àwọn tó kù máa gba páspọ́ọ̀tù àwọn ará ibẹ̀ tó bá ṣì ní àmì ẹgbẹ́ lára, kí wọ́n sì máa gba ọjà wọn wọlé bí ti tẹ́lẹ̀, títí di ìgbà tí àwọn bá tún sọ̀rọ̀. Bí a bá fi òfin wò ó, kò sí owó bodè kankan tó gun àlùbọ́sà Galmi. Kí ló wá dé tó fi dín kan?

Ẹ jẹ́ ká bá a rìn. Àgbẹ̀ wà ní Galmi. Ẹni tó ń kó o jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kó o dé Birnin-Konni, ó gba Illela wọ ìpínlẹ̀ Sokoto, mọ́tò gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó, obìnrin ọjà Agbalata lọ ra àpò tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí bodè dájú, ẹni tó wà ní Konni lè gbé ẹrù fún oníbàárà rẹ̀ láwìn, torí ó mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́tò náà á tún padà. Lẹ́yìn tó ti rí i pé ilẹ̀ lè mọ́ kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀, tí àlùbọ́sà ń jẹrà nínú mọ́tò, kò ní gbà mọ́. Owó lọ́wọ́ ni yóò béèrè. Ẹni tó wà ní Mile 12 á lọ yá owó, owó yíyá sì ní èlé. Awakọ̀ á fi nǹkan lé owó rẹ̀ torí ọjọ́ tí wọ́n lè dá a dúró. Alágbàtà á fi nǹkan lé e torí àpò tó lè bàjẹ́. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Olúkúlùkù ń da aṣọ bo ẹ̀rù tirẹ̀, "ọ̀nà ò dáa" sì ni wọ́n ń pè é. Bó bá fi máa kan ẹni tó ń rà á ní òkìtì, kò lẹ́ni tó lè fi ẹ̀rù tirẹ̀ lé lọ́rùn mọ́.

"Títí di ìgbà tí àwọn bá tún sọ̀rọ̀": gbólóhùn yẹn ló ṣe é. Owó bodè tí a mọ iye rẹ̀ sàn fún ọlọ́jà ju òfe tí kò mọ ọjọ́ tí yóò tán lọ. Bí wọ́n bá ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni, á fi márùn-ún lé ọjà. Bí kò bá mọ̀, á fi iye tí àyà rẹ̀ bá sọ fún un lé e, àyà tó ń já kì í sì í sọ iye kékeré.

Àwọn tó jáde náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin tiwọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, kí ìjáde tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Niger ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìrẹsì àti ọkà jáde mọ́, àyàfi lọ sí Màlì àti Burkina Faso. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi owó ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún (0.5 nínú 100) lé ọjà tó bá ti ìta ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ wọlé. Ìdajì kéré lójú. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń gba ìdajì, a ó ní ilé kan, tábìlì kan, ẹnì kan tí yóò yẹ ẹrù wò, àti ìlà tí àwọn mọ́tò yóò tò sí.

Ọ̀rọ̀ owó séfà tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn, títí kan Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ṣì ń ná séfà kan náà, tí a so mọ́ owó Yúróòpù: 655.957 séfà ni yúrò kan. Náírà wa ni wọ́n tú sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó sì já wálẹ̀ gan-an. Nítorí náà, kódà ohun tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láti Bẹ̀nẹ̀, tó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, dé ọjà wa pẹ̀lú owó tó ga. Àwọn abọ́kì tó ń ṣẹ́ owó lẹ́nu bodè lè sọ èyí fún yín láìwo ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ ìyá oníàlùbọ́sà kò pé. Bodè àti owó jọ gbé ẹrù náà ni, ojú ẹni tó ń rà á kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń bá. Ìbátan mi obìnrin kan ń ta aṣọ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020, àmọ́ ìgbà tí ọdún 2021 bẹ̀rẹ̀ ni bodè di bodè. Lára ohun tó ń tà ni họ́láńdìsì, tí wọ́n ṣe ní Netherlands. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan wà ní Dublin. Aṣọ tó ti inú Yúróòpù jáde lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò gé, tí kò rán, bó bá fi ránṣẹ́ padà sínú Yúróòpù, owó bodè lè gùn ún. Àdéhùn àárín wọn sọ pé ọjà tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní san, họ́láńdìsì kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Tó bá jẹ́ tiwa" náà nìyẹn, èyí tó mú ìrẹsì Kútọnu ló mú họ́láńdìsì. Owó-orí ọjà ti Ireland, 23 nínú 100, tún wà lórí aṣọ àgbà. Àwọn oníbàárà kan kọ̀ láti san án, wọ́n ní kí wọ́n dá ẹrù padà, obìnrin náà ló sì san owó ìdápadà.

Ó sunkún fún mi lórí fóònù. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì tún jowú àwọn oníbàárà rẹ̀ díẹ̀. Ìwé kan dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó tú ẹrù: owó bodè nìyí, owó-orí nìyí, owó ẹni tó gbé e wá nìyí. Wọ́n lè kà á, wọ́n lè bínú sí i, wọ́n lè bi ìjọba wọn léèrè. Ní Agbalata, inú òkìtì ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ènì ló ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, a ó wó ìdí kóńgò wọnú kó lè gba ẹ̀wà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, márùn-ún á di mẹ́rin. Owó tí a ń pè kì í yí, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí a lè nàka sí pé ọjọ́ yìí ni nǹkan wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó máa kà á, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kékeré kan. Ó sì dára kí ènìyàn béèrè ọ̀nà tí ọjà gbà wá, torí àlùbọ́sà Kano àti ti Kebbi kò rí bodè kankan, ẹni tó bá sì ń fi Niger gbówó lé ti Kebbi ń jẹ èrè lórí ẹ̀rù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà ní ọjà tó tẹ̀lé e, mo sì bi í léèrè ọ̀nà tí tirẹ̀ gbà. Illela ni, ó dá a lójú, ó mọ orúkọ awakọ̀. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún, ẹni tó ń bá a ra ẹrù ní Mile 12 ló pè. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ṣé kò tíì kọjá? Láti àná?" Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo àtẹ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá mú èyí tó tóbi jù nínú òkìtì tó wà níwájú mi, ó fi kékeré kan rọ́pò rẹ̀.